Kí orin Kérésì tó di Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọmọ

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kárọ́ọ̀lù ilé-ìwé wa lọ́dún kan, àwọn ọmọ Pírámárì Kejì mi ń kọ "We wish you a merry Christmas" bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ká páànù kúrò lórí kíláàsì. Mo fara ti tábìlì, inú mi ń dùn. Wọ́n dé ibi "Good tidings we bring", ni mo bá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e lẹ́nu wọn: "to you and your king". Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níwájú pé ọba wo là ń wí. Kò tilẹ̀ rò ó rárá. "Kábíyèsí ni, Àǹtí." Àwọn tó kù ń mi orí. Lójú tiwọn, ààfin la ń gbé ìròyìn ayọ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, "king" lèmi náà ti ń kọ láti kékeré. Ìgbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí mo wá ọ̀rọ̀ orin náà kà ni mo tó rí i pé "kin" ni, ìyẹn ẹbí, mọ̀lẹ́bí. Lọ́jọ́ kejì mo ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wish"? Ẹnì kan ní ẹja ni. "Merry"? Wọ́n ní orúkọ ọmọ kan ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wa ni. "Bring"? Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọ mọ́kànlélógójì, orin kan tí wọ́n mọ̀ lórí bí omi, Gẹ̀ẹ́sì tó yé wọn nínú rẹ̀ kò sì tó ọ̀rọ̀ márùn-ún.

Látìgbà náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí wà fún olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí Yorùbá jẹ́ èdè ilé wọn, nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, tí iná mànàmáná lè má sí. Òbí tó bá fẹ́ ṣe é nílé náà lè lò ó. Kí ó kàn fo ibi tí mo ti ń ráhùn nípa ogójì ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú orin, ẹ má mú púpọ̀

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Àárín oṣù Kejìlá là ń gba ìsinmi, ìdánwò àti pátì ló sì ń jẹ ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló wà lọ́wọ́ wa. Orin mẹ́ta tó fún un. Ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́ náà tó, lẹ́yìn àsẹ́ńbílì, nígbà tí ara wọn ṣì jí pépé.

Kí n tó mú orin, mo máa ń bi í ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé gbólóhùn inú rẹ̀ ń padà wá léraléra? Ṣé ọmọ lè lo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, nígbà tí kò sí Kérésì nítòsí? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni alààyè ń sọ ni? Ìbéèrè kẹta yìí ló lé orin "Silent Night" jáde, bó ti wù kó dùn tó. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́ ní Austria ní ọdún 1818. Joseph Mohr, àlùfáà, ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, Franz Xaver Gruber, tó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé bíi tèmi, ló ni ohùn rẹ̀. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1859 lo "yon" níbi tí a ó ti sọ "that" lónìí. Bí ọmọ bá kọ́ "yon" lọ́wọ́ mi, níbo ló fẹ́ ná an? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn mẹ́ta tí mo ń lò nìyí: "We wish you a merry Christmas", ègbè "Jingle Bells" nìkan, láìfi ẹsẹ rẹ̀ kún un, àti "The Twelve Days of Christmas", èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1780. Mo máa ń gé ìyẹn dúró ní ọjọ́ karùn-ún. Ọmọ ọdún méje tó bá fi máa dé ọjọ́ kejìlá, oorun ti ń kùn ún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, agbára káká ni ẹ fi máa rí kíláàsì tí kò ní ọmọ Mùsùlùmí nínú. Mo máa ń sọ fún àwọn òbí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan, ààfáà ni, wá bá mi lọ́dún kan pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun kọrin onígbàgbọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ "Jingle Bells" síwájú wọn, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, James Lord Pierpont, ló gbé e jáde ní Boston ní 1857, orúkọ tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ ni "One Horse Open Sleigh". Kò sí Kérésì nínú rẹ̀, kò sí Jésù nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbádùn ara wọn lórí ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà lórí yìnyín ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Orin ẹṣin lẹ wá ń pariwo báyìí sí?" Wọ́n gbà. Bí òbí mìíràn bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ má bá a jà. Gbólóhùn kan náà ni kí ẹ fún ọmọ rẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ ìbí tàbí Iléyá rọ́pò Kérésì. Ẹ ó rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ ara yín ná

Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá lè fi ṣe gbólóhùn mìíràn, ẹ fa igi sí i nídìí, kí ẹ lọ wá a. Ibẹ̀ ni "king" tèmi sá pamọ́ sí fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ lóhùn rara nínú yàrá, kí ẹ mọ ibi tí ohùn ti ń gòkè, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí olùkọ́ bá gbé e lókè jù, igbe ni àwọn ọmọ máa fi parí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú igbe.

Èmi kì í lo fóònù àti sípíkà fún kíkọ́. Àwọn tó kọ ọ́ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù máa ń yára, fóònù kò sì mọ ìgbà tí ọmọ sọnù. Ẹnu yín lè dúró sórí ọ̀rọ̀ kan fún ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí ẹ nílò kò ju káàdìbọ́ọ̀dù, máákà méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, agogo kékeré kan, àti agolo mílíìkì tí ẹ ro òkúta wẹ́wẹ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìtumọ̀ ló ń ṣáájú, Yorùbá sì ni kí ẹ fi sọ ọ́

Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan wà tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Mo ti ṣiṣẹ́ ní irú rẹ̀ rí. Àmọ́ láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò fún wa: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko ní Pírámárì, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ sọ ìtumọ̀ "wish", mi ò yí ẹnu po. Mo bi wọ́n pé kí ni Màmá Àgbà máa ń sọ lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n á dáhùn pa pọ̀: "Ọdún á yabo!" Mo ní ohun tí Màmá Àgbà ń ṣe yẹn gan-an ni "wish", pé kí ohun rere ṣẹ sí ẹlòmíràn lára. Ó tán.

"Jingle bells" ni mo gbádùn jù láti ṣàlàyé, nítorí pé a ti ní i nílé. Bí ẹ bá sọ "bell" fún ọmọ, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rò, tàbí èyí tí HM, ọ̀gá ilé-ìwé, ń lù. Agogo yẹn kì í "jingle". Mo lọ bẹ onílù kan ládùúgbò wa, ó yá mi ní ṣaworo ara ìyáàlù rẹ̀. Mo dì í mọ́ ẹ̀yìn mi, mo wọ kíláàsì, gbogbo wọn ń na ọrùn. Mo gbọn ọwọ́: wóró-wóró-wóró. "They jingle", ni mo wí. Mo wá gbé agogo kékeré lù: kò. "Does it jingle?" "Nooo!" Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó sọ fún wọn pé irú ṣaworo báyìí ni wọ́n ń so mọ́ ẹṣin lára nínú orin náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lè gbọ́ kó yà lọ́nà. Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn ṣaworo kò tún ní gbàgbé "jingle" mọ́.

Ti yìnyín àti ọkọ̀ orí yìnyín, ẹ má bá a lọ jìnnà. Ọmọ tí kò mọ òtútù mìíràn ju ọyẹ́ lọ, ẹ yàwòrán kan fún un sójú bọ́ọ̀dù, ẹ sọ gbólóhùn kan, ẹ kọjá. A ó yọ ọkọ̀ náà kúrò láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìlù kó tó kan ohùn

Ní Yorùbá, ohùn ló ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, sílébù kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba àyè tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi ohùn tó wù yín kọ "bell", agogo náà ni yóò jẹ́. Ohun tó ń da Gẹ̀ẹ́sì rú ni kí a tẹ ibi tí kò yẹ ká tẹ̀. Àwọn sílébù kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọ̀gá, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn tí à ń gbé mì kíá. Ibi tí orin ti wúlò jù nìyí, torí pé ìlù inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ pín àyè dọ́gba-dọ́gba.

Kí ẹ tó kọrin rárá, ẹ fi ọwọ́ lu tábìlì: KAN-méjì-mẹ́ta, KAN-méjì-mẹ́ta. Lórí KAN ni "wish" àti "Christ" gbọ́dọ̀ bọ́ sí, "mer" sì bọ́ sórí mẹ́ta: we WISH you a MERry CHRISTmas. "You a" jọ pín méjì láàárín ara wọn, wọ́n ń sáré kọjá ni. Mo máa ń ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ gbì lórí "wish", "mer" àti "Christ", kí wọ́n sì sọ ìyókù wúyẹ́wúyẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú kọ "Christmas" fúnra rẹ̀. Àwa ti sọ ọ́ di Kérésìmesì, sílébù márùn-ún, ó sì tọ̀nà ní Yorùbá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, méjì péré ni, a kì í sì í pe "t" inú rẹ̀. Mo máa ń kọ méjèèjì sójú bọ́ọ̀dù, a ó pàtẹ́wọ́ márùn-ún fún ti wa, méjì fún tiwọn. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí débi pé wọ́n á máa mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá fúnra wọn: búrẹ́dì mẹ́ta, "bread" ẹyọ kan. Síkúùlù, bọ́ọ̀lù. Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n ṣe é, kódà bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìró kan fún orin kan

Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo ìró ṣe lẹ́ẹ̀kan náà máa pa orin náà kú ni. Mo mú ìró kan fún orin kọ̀ọ̀kan, mo sì di etí sí ìyókù. Kódà "th" kò sí nínú ètò mi fún ọdún yìí.

Ti orin àkọ́kọ́ ni "h", nítorí "happy new year". Àwa Yorùbá àti "h", ẹ mọ ìjà wa: a ó yọ ọ́ lára "happy", a ó wá lọ fi í sára "egg". Kì í ṣe pé ẹnu wa kò lè pè é, ṣebí a ní ahọ́n, a ní ìhà. Ẹ ní kí ọmọ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kó sọ "ahọ́n", kó mọ èémí náà lára, kó wá sọ "happy". Bí èémí kò bá kan ọwọ́, kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà kó sọ "egg" pẹ̀lú ọwọ́ níwájú ẹnu, kí ọwọ́ má gbọ́ nǹkan kan. Nínú orin yìí kan náà, "merry" kì í ṣe "Mary". Ẹ fi "ẹ" tiwa kọ ọ́ fún wọn, mẹ́rì, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ yẹn ní Mérì. Àmì tó wà nísàlẹ̀ ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín tán.

Ti "Jingle Bells" ni "z" tó wà ní ìparí "bells". A kò ní i ní Yorùbá. Ẹ ní kí wọ́n ṣe bí oyin tó wọ kíláàsì, zzz, kí wọ́n wá fi oyin náà parí ọ̀rọ̀. Ti orin kẹta ni "v": "five", "gave", "love". Ọmọ á gbé ọwọ́ lé ọ̀nà ọ̀fun, á sọ "f", ọ̀fun kò ní mì. Kí eyín àti ètè wà níbi tí wọ́n wà, kí ó wá fi ohùn sí i, ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ tó bá rí i gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́ máa ń lanu wò yín bí ẹni tó rí idán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tú orin náà ká, kí ẹ tún un tò

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ìgbésẹ̀ kan kúrò nínú gbogbo èyí, ẹ má yọ eléyìí. Bí ọmọ kò bá lè yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú gbólóhùn, kò tíì ní gbólóhùn náà.

Ọmọ mẹ́fà ni mo máa ń tò síwájú, káàdì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn: We, wish, you, a, merry, Christmas. A ó kọ ọ́. Mo wá ní kí àwọn méjì tó gbẹ̀yìn lọ jókòó, kí "happy" àti "Sallah" dìde. "We wish you a happy Sallah" bá ìlù náà mu rẹ́gí, àwọn ọmọ Mùsùlùmí á sì kọ ọ́ débi pé kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wa á wá yọjú. Lẹ́yìn náà ni mo yọ "you", mo fi "him" àti "her" sí i. Ọmọkùnrin á dìde lórí "him", ọmọbìnrin lórí "her". Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo níbẹ̀, "ó" kan náà là ń pè wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń pe ìyá wọn ní "he" láìfura. Ìdìde àti ìjókòó yìí ti tún un ṣe fún mi ju kí n máa kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ mú "we" kúrò, ẹ fi "she" sí i. Wọ́n á kọ "She wish you". Ẹ ní rárá, "She wishes you". Orin náà á há díẹ̀ níbẹ̀, sílébù kan ti lé. Ìháhá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mi ò dárúkọ gírámà kankan fún wọn. Mo ní: bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń kí, tí kì í ṣe èmi, tí kì í ṣe ìwọ, "wish" á bímọ. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá sọ "she come", ẹlòmíràn á pariwo látẹ̀yìn pé, "Àǹtí, kò tíì bímọ!"

Ní ti "Jingle Bells", gbólóhùn tí à ń yí ni "Oh what fun it is to ride in a one-horse open sleigh". Sílébù méje ni "in a one-horse open sleigh". Ẹ wá sílébù méje mìíràn: "in a yellow danfo bus", "on my uncle's motorbike". Ó ti wọlé, ẹ sì ti kọ́ wọn ní "in" àti "on" lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn méjì tiyín, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí tiwọn wá. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí, ló dìde láti ẹ̀yìn tó ní "in my grandma's wheelbarrow". Ó bá ìlù mu. Ọjọ́ yẹn, orin bárò la kọ títí a fi lọ jẹun.

Ìgbà tí a bá wá dé orin ọlọ́jọ́ márùn-ún, ẹ ní sùúrù, torí ibẹ̀ ni ohun tó le jù fún ọmọ Yorùbá wà. "Five gold rings". Kí là ń pè é? Òrùka wúrà márùn-ún. Ẹ wò ó dáadáa: ibi tí àwa parí sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kadà àǹkù mi rí sí "my uncle's motorbike". Mo kọ òrùka, wúrà àti márùn-ún sí iwájú káàdì mẹ́ta, mo kọ "rings", "gold" àti "five" sí ẹ̀yìn wọn. Ọmọ mẹ́ta gbé wọn dúró láàárín kíláàsì. Ìlàjì kíláàsì wà níwájú wọn, ìlàjì lọ dúró sẹ́yìn wọn. Àwọn tó wà níwájú ka "òrùka wúrà márùn-ún". Àwọn tó wà lẹ́yìn ka tiwọn láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún: "five gold rings". Ẹnikẹ́ni kò kúrò lójú kan. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ibùdúró, kí wọ́n tún kà á. A ṣe ìwé pupa méjì, a ṣe ẹja ńlá mẹ́ta. Mo fi máákà pupa kọ "s" tó wà lẹ́yìn "rings", torí Yorùbá kì í fi nǹkan kan kún òrùka bó bá di márùn-ún, ọmọ wa a sì máa gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà kò sì bá wa mu lọ títí. "My true love" máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, nítorí náà mo fi "my grandma" dípò rẹ̀. "Partridge" ni à ń pè ní àparò, àparò tí mo mọ̀ sì ń rìn nílẹ̀ ni, kí ló wá lọ ṣe lórí igi? "Pear" tiwa sì ni píà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì. Bí a ṣe ń kọ tiwa nìyí: lọ́jọ́ kìíní, "a parrot in a palm tree", ìkejì, "two bags of rice", ìkẹta, "three red hens", ìkẹrin, "four loaves of bread", ìkarùn-ún, "five blue pens". Gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú ìlù ti àtijọ́, "loaves" sì gbé "v" wọn wá. "Gave" ń padà lójoojúmọ́ inú orin náà. "Fún" wa kì í yí padà, ì báà jẹ́ àná tàbí òní, nítorí náà wọ́n nílò kí "gave" gun wọ́n lẹ́nu dáadáa.

Bí ẹ bá ní àyè nínú ìṣirò, ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí ìyá àgbà fún wọn lápapọ̀, torí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tún ti àná fún wọn. Ó jẹ́ 35, àpò ìrẹsì sì jẹ́ mẹ́jọ nínú rẹ̀. Ìyá àgbà wo ló lówó tó báyìí lọ́dún yìí?

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yọ ohùn orin kúrò

Ẹ bi ọmọ kan pé, "What did grandma give you on the third day?" Ẹ wo ètè rẹ̀. Yóò máa jẹ ẹnu wúyẹ́, ó ń kọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní kó tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn adìẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sọ fún un pé ọ̀nà ẹ̀yìn ti dí, kó gba iwájú wọlé.

Gbólóhùn kan náà ni a ó máa sọ ní oríṣiríṣi ẹnu: bí ìyá tí inú ń bí, bí ẹni tó ń tajà, bí ẹni tí wọn kò gbọ́ dáadáa lórí fóònù, "I said three red hens! Hens!" Lẹ́yìn náà, mo da péènì, bébà, òkúta àti ìdérí ìgò sórí tábìlì, wọ́n á máa tọrọ ní méjì-méjì: "Give me two blue pens." Ẹni tó bá sọ "pens blue two" á gbà á padà sọ, kò ní gba péènì. Mo sì ní ìwé kan tí mo ń kọ gbólóhùn tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ sí. Èyí tó ṣáájú nínú rẹ̀ ni "Aunty, I wish you rice." Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, mi ò fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kárọ́ọ̀lù, àti oṣù Kìíní

Níwájú àwọn òbí, ẹ kọ́kọ́ kọ orin náà bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má baà rò pé ẹ bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ti danfo àti ti ìyá àgbà. Àwọn òbí máa ń bá wa gbè é. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a dé "good tidings we bring", gbọ̀ngán gba "king" kan bí ààrá. Àwọn ọmọ mi wo ara wọn, wọ́n wo mí. Mo ṣẹ́jú sí wọn pé kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìdánwò tèmi kò sí ní oṣù Kejìlá rárá. Ọ̀sẹ̀ tí a bá wọlé padà ní oṣù Kìíní, kí ẹnikẹ́ni tó rántí orin, mo máa ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sídìí tábìlì, mo sì ń bi wọ́n pé ta ló fún wọn ní nǹkan ọdún, kí ló sì jẹ́. Lọ́dún yìí, ọmọ tó ní Kábíyèsí là ń wí yẹn ti dàgbà kọjá kíláàsì mi, àbúrò rẹ̀ ló dúró níwájú mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí n lè rí i. "My uncle gave me two hundred naira and one new shoes."

"Gave" wà níbẹ̀, "v" rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "New" wà níwájú "shoes". Mo fa ìwé mi jáde, mo kọ "one new shoes" sábẹ́ iṣẹ́ sáà kejì.